Bí Afurasí Bá Sá Kọjá Ẹnubodè: Ohun Tí Òfin Sọ Láàárín Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà

Ẹni tó bá gun alùpùpù kúrò ní Kétu láàárọ̀ lè dé Ìmẹ̀kọ, kí ó ṣe ohun tó bá lọ, kí ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Èdè kan náà là ń sọ ní ìhà méjèèjì, àwọn ìdílé kan sì wà ní Ìlárá tó jẹ́ pé ìhà Bẹ̀nẹ̀ ni ilé wọn wà, tí àbúrò bàbá wọn sì ń gbé ní ìhà Nàìjíríà. Nítorí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kan wà tí mo máa ń gbọ́ lọ́jà àti níbi ìnáwó: bí ẹnìkan bá jalè ní Ṣakí tó sì sá wá sí Ṣábẹ̀ẹ́, tàbí tó lu ènìyàn ní jìbìtì ní Àjàṣẹ́ tó sì sá lọ sí Abẹ́òkúta, ṣé ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn? Àwọn kan á ní ó ti tán, pé ẹni tó bá ti kọjá ẹnubodè ti bọ́. Àwọn mìíràn á ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé bí ọlọ́pàá ìhín bá ti pe ọlọ́pàá ọ̀hún lórí fóònù, wọn á di onítọ̀hún tọwọ́tẹsẹ̀ padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdáhùn méjèèjì ni kò tọ̀nà, èkejì sì ni ó léwu jù, nítorí pé ẹni tó bá gbà á gbọ́ kò ní mọ ẹ̀tọ́ tirẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá mú un.

Ní ọjọ́ 10 oṣù Ògún 1889 ni Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fọwọ́ sí àdéhùn tó fi ìlà pín àwọn ilẹ̀ yìí, tí Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ fi bọ́ sí ọ̀dọ̀ Faransé, tí Ìmẹ̀kọ àti Ṣakí sì bọ́ sí ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìlà náà kò pín ẹbí, ṣùgbọ́n ó pín òfin. Àṣẹ ọlọ́pàá Nàìjíríà parí ní Ìdìrókò. Bí ó bá ti tẹ Ìgolò, àlejò ni, kò sì ní àṣẹ láti fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Bákan náà ni ti ọlọ́pàá Bẹ̀nẹ̀ tó bá wọ Ìdìrókò. Bí ìjọba kan bá fẹ́ ẹni tó wà lórí ilẹ̀ ìjọba kejì, ohun kan ṣoṣo tí òfin fún un láti ṣe ni kí ó béèrè. Bíbéèrè yìí, àti ìlànà tí a fi ń dáhùn rẹ̀, ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní extradition. Nínú àlàyé yìí, màá pè é ní ìfàlélọ́wọ́: kí orílẹ̀-èdè kan fa ẹni tí a fẹ̀sùn kàn, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi tó sì sá, lé orílẹ̀-èdè tó fẹ́ ṣẹjọ́ rẹ̀ tàbí fìyà jẹ ẹ́ lọ́wọ́.

Àárín ìjọba àti ìjọba ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀ kò lè béèrè fún ìfàlélọ́wọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá kò lè béèrè fún un, bẹ́ẹ̀ ni ọba ìlú kò lè ṣe é, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ òun àti ọba ìhà kejì wọ̀ tó.

Ohun tó máa ń da ọ̀rọ̀ yìí rú ni pé ọ̀nà mẹ́ta ni afurasí lè gbà kúrò ní orílẹ̀-èdè kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, a sì máa ń pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ kan náà. Ìkíní ni ìfàlélọ́wọ́ gan-an, tó ń gba iwájú adájọ́ kọjá. Èkejì ni lílé àjèjì kúrò nílùú. Gbogbo ìjọba ló ní ẹ̀tọ́ láti lé àjèjì tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò pé, tàbí tí ó bá wu ìlú léwu, jáde. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí a máa ń lo ìléni yìí bí ọ̀nà àbùjá: wọ́n á lé onítọ̀hún sínú ọkọ̀ òfurufú tó jẹ́ pé àwọn tó ń wá a gan-an ló ń dúró dè é níbi tí yóò balẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ìfàlélọ́wọ́ ni Dubai fi Ramon Abbas, ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n fẹ̀sùn jìbìtì kàn, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Hushpuppi, ṣọwọ́ sí Amẹ́ríkà. Oṣù Òkúdu 2020 ni wọ́n mú un, nígbà tí oṣù Agẹmọ sì bẹ̀rẹ̀ ó ti wà ní Chicago. Àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà fúnra wọn sọ pé lílé ni wọ́n lé e jáde ní Dubai. Ìyàtọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, nítorí pé nínú ìléni, kò sí adájọ́ kankan tó jókòó láti béèrè bóyá ẹ̀sùn náà bá ìlànà ìfàlélọ́wọ́ mu.

Ọ̀nà kẹta ni èyí tí àwa tí a ń gbé létí ẹnubodè mọ̀ jù, tí ọlọ́pàá ìhín á mú ènìyàn lóru, tí wọ́n á sì fi lé ọlọ́pàá ọ̀hún lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, láìsí ìwé, láìsí agbẹjọ́rò. Òtítọ́ ni pé àwọn ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè wa ń fọwọ́ sowọ́ pọ̀, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀: wọ́n ń fi ìròyìn ránṣẹ́ síra wọn, wọ́n sì ń bá ara wọn wá ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ṣùgbọ́n ìfọwọ́sowọ́pọ̀ yàtọ̀ sí kí a fa ènìyàn léni lọ́wọ́ bí ìgbà tí a bá fa ewúrẹ́ lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Kì í ṣe ẹnubodè Nàìjíríà nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Ògún 2024, wọ́n mú ọmọ Bẹ̀nẹ̀ kan ní Lomé ní Tógò, wọ́n sì gbé e dé Kútọnu, níbi tí ó ti jẹ́jọ́. Àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ pé jíjí ni wọ́n jí i gbé, pé kò sí ìlànà ìfàlélọ́wọ́ kankan tí wọ́n tẹ̀ lé. Ohun tó wà nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí fún gbogbo wa ni pé, bí a bá gbà á fún ẹni tí a kò fẹ́ràn, a ti gbà á fún ọmọ tiwa náà nìyẹn.

Òfin wo wá ni ó de Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà? Àdéhùn méjì ló ṣe pàtàkì jù. Èkíní ni èyí tí Bẹ̀nẹ̀, Gánà, Nàìjíríà àti Tógò fọwọ́ sí ní Èkó ní ọjọ́ 10 oṣù Ọ̀pẹ 1984. Èkejì ni àdéhùn ECOWAS, tí àwa tí a wà níhìn-ín ń pè ní CEDEAO, lórí ìfàlélọ́wọ́, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Àbújá ní ọjọ́ 6 oṣù Ògún 1994. Àwọn kan rò pé àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979 tó fún wa láyè láti wọ ìlú ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà ti sọ ẹnubodè di asán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àdéhùn yẹn fún ẹsẹ̀ wa láyè láti rìn. Kò fún ìwé àṣẹ ìfàṣẹmúni láyè láti rìn tẹ̀ lé wa. Ìwé àṣẹ tí adájọ́ kọ ní Abẹ́òkúta jẹ́ ìwé lásán ní Àjàṣẹ́ títí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ yóò fi gbé e yẹ̀ wò lọ́nà tí òfin là sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n bá sì ń gbé e yẹ̀ wò, àwọn ìbéèrè kan wà tí adájọ́ gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀. Ìbéèrè tó ṣáájú ni pé: ohun tí wọ́n ní ọkùnrin yìí ṣe, ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ìhà méjèèjì? Orúkọ tí wọ́n pe ẹ̀ṣẹ̀ náà kò já mọ́ nǹkan kan, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì ni òfin Nàìjíríà, Faransé sì ni tiwa. Ìwà náà gan-an ni à ń wò. Ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi díẹ̀: lábẹ́ àdéhùn ECOWAS, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ìyà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ tó ọdún méjì, ó kéré tán, ní ìhà méjèèjì. Wọn kò ní tìtorí ẹni tó bú aládùúgbò rẹ̀ gbé gbogbo ẹ̀rọ ìjọba méjì dìde.

Níbí ni mo ti fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí àwọn oníṣòwò wa. Ẹjọ́ tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu wọn jù ni ti gbèsè. Obìnrin kan á kó aṣọ tàbí ìrẹsì fún oníbàárà rẹ̀ láti ìhà kejì láwìn, ó ti ń kó o fún un bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún tí kò sí wàhálà, ó di ọjọ́ kan, oníbàárà kò wá mọ́, kò sì gbé fóònù. Ìyá náà á lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, á ní kí wọ́n bá òun mú ọ̀daràn tó sá lọ sí Nàìjíríà wá. Ó máa ń dùn mí láti sọ ọ́ fún wọn, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ: gbèsè kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn. Ẹni tó jẹ gbèsè tí kò rí i san kò ṣẹ ìjọba, ẹni tó yá a lówó ló ṣẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ owó àti àdéhùn ni a sì ti ń pè é lẹ́jọ́. Kò sí ìfàlélọ́wọ́ nínú rẹ̀, bó ti wù kí owó náà pọ̀ tó. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà bá fi irọ́ gba ọjà láti ìbẹ̀rẹ̀, bí àpẹẹrẹ tí ó fi orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀ àti ìwé báńkì ayédèrú gba ẹrù, jìbìtì nìyẹn, jìbìtì sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ní Bẹ̀nẹ̀ àti ní Nàìjíríà. Ohun tó wà lọ́kàn onítọ̀hún lọ́jọ́ tí ó gba ọjà ni òfin ń wá, kì í ṣe pé kò san owó lẹ́yìn náà. Nítorí náà, kí oníṣòwò tó lọ fi ẹjọ́ sùn, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ léèrè pé irọ́ wo ni onítọ̀hún pa fún òun, àti pé ẹ̀rí wo ni òun ní.

Ìbéèrè kejì tó le jù ni ti ìlú tí ènìyàn jẹ́ ọmọ rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ìlà ọdún 1889 ti hàn kedere jù. Àwọn orílẹ̀-èdè tó jogún òfin Faransé kì í fa ọmọ wọn lé orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́wọ́, Bẹ̀nẹ̀ sì wà lára wọn. Àwọn tó jogún òfin Gẹ̀ẹ́sì kò ní irú èèwọ̀ bẹ́ẹ̀. Nàìjíríà ti fa ọmọ rẹ̀ lé Amẹ́ríkà lọ́wọ́ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ wá wo ohun tó túmọ̀ sí fún àwọn ọmọ ìyá méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, tí èkejì sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Bí wọ́n bá jọ jalè ní Ṣakí, tí wọ́n sì jọ sá wá sílé ìyá wọn ní Ṣábẹ̀ẹ́, Bẹ̀nẹ̀ lè fa èkejì lé Nàìjíríà lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò ní fa èkíní.

Ṣé èkíní ti bọ́ nìyẹn? Kò bọ́. Ìlànà kan wà tí ó ti dàgbà ju gbogbo àdéhùn wọ̀nyí lọ: orílẹ̀-èdè tí kò bá fẹ́ fa afurasí léni lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ ṣẹjọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àdéhùn ECOWAS gbé ìlànà náà kalẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ń béèrè rẹ̀. Nàìjíríà á kó ìwé ẹjọ́ àti ẹ̀rí ránṣẹ́, ilé ẹjọ́ Bẹ̀nẹ̀ á sì gbọ́ ẹjọ́ olè tó ṣẹlẹ̀ ní Ṣakí bí ẹni pé àárín ọjà Ṣábẹ̀ẹ́ ló ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan sì máa ń rò pé wọ́n lè yára lọ gba ìwé ọmọ ìlú lẹ́yìn tí wọ́n ti dáràn. Kò ní ràn wọ́n lọ́wọ́, nítorí ìlú tí o jẹ́ ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tí o ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń wò.

Ilẹ̀ Áfíríkà ni àpẹẹrẹ tó lókìkí jù lórí ìlànà yìí ti wá. Hissène Habré ṣe ààrẹ Ṣáàdì láti 1982 títí di 1990, ó sì sá lọ sí Sẹ̀nẹ̀gàl nígbà tí wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n dá lóró lábẹ́ ìjọba rẹ̀ kò jáwọ́. Bẹ́ljíọ̀m béèrè pé kí wọ́n fà á lé òun lọ́wọ́, Sẹ̀nẹ̀gàl kò fà á, kò sì ṣẹjọ́ rẹ̀, títí Bẹ́ljíọ̀m fi gbé Sẹ̀nẹ̀gàl lọ sí Ilé Ẹjọ́ Àgbáyé ní Hague. Ní ọjọ́ 20 oṣù Agẹmọ 2012, ilé ẹjọ́ náà sọ pé Sẹ̀nẹ̀gàl gbọ́dọ̀ ṣẹjọ́ rẹ̀ láìfi falẹ̀ mọ́, bí kò bá fẹ́ fà á léni lọ́wọ́. Wọ́n dá ilé ẹjọ́ àkànṣe sílẹ̀ ní Dakar pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, ní ọjọ́ 30 oṣù Èbìbí 2016 wọ́n sì dá Habré lẹ́bi, wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n gbére. Ó lé ní ọdún 25 lẹ́yìn tó sá kúrò nílé, ṣùgbọ́n ẹjọ́ náà bá a. Ẹni tó bá ń sọ pé ọ̀rọ̀ ti tán nígbà tí afurasí bá ti kọjá ẹnubodè, ẹ jẹ́ kí ó rántí èyí.

Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ikú náà ń bẹ láàárín wa. Nàìjíríà ṣì ní in fún ìpànìyàn àti ìdigunjalè. Bẹ̀nẹ̀ ní tirẹ̀ ti fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó fòpin sí i ní 2012, nígbà tó sì di 2016, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀ wa sọ pé wọn kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ikú mọ́. Orílẹ̀-èdè tó ti pa ìdájọ́ ikú rẹ́ máa ń béèrè ìlérí lọ́wọ́ èyí tó ń béèrè afurasí, pé bí wọ́n bá dá a lẹ́bi wọn kò ní pa á. Bí ìlérí náà kò bá wá, ó lè kọ̀ láti fà á léni lọ́wọ́. Mo mọ̀ pé èyí máa ń bí àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn nínú, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ohun tí ìlérí náà ń dáàbò bò ni òfin Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀: ohun tí a kò lè fọwọ́ ara wa ṣe, a kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn fún ẹlòmíràn kí ó bá wa ṣe é.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ òṣèlú. Ọ̀pọ̀ jù lọ àdéhùn ìfàlélọ́wọ́ ló yọ ẹ̀sùn òṣèlú sílẹ̀, ìyẹn ni pé a kì í fa ènìyàn lé ìjọba rẹ̀ lọ́wọ́ nítorí pé ó lòdì sí ìjọba náà. Ẹni tó bá sì fi hàn pé ẹ̀yà rẹ̀, ẹ̀sìn rẹ̀ tàbí èrò òṣèlú rẹ̀ ni wọ́n ń torí rẹ̀ wá òun, tàbí pé wọn yóò dá òun lóró bí òun bá débẹ̀, adájọ́ gbọ́dọ̀ gbọ́ ti ẹnu rẹ̀. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá ni àgbà òṣìkà, ìlànà náà gan-an nìyí. Àwa Yorùbá rí i lójú ara wa ní 2021. Ní alẹ́ ọjọ́ 19 oṣù Agẹmọ ọdún náà ni wọ́n mú Sunday Adéyẹmọ, tí a mọ̀ sí Sunday Ìgbòho, ẹni tó ń jà fún ìdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè Yorùbá tí ìjọba Nàìjíríà sì ń wá, pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kútọnu bí wọ́n ti ń lọ sí Jámánì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kí ilẹ̀ tó mọ́, wọn yóò ti gbé e dé Àbújá. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ní Kútọnu, àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ sọ̀rọ̀, wọ́n dá ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì fi òun sẹ́wọ̀n. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2022 ni wọ́n jẹ́ kí ó jáde pẹ̀lú òté pé kò gbọdọ̀ rin ìrìn àjò kúrò níbẹ̀. Bẹ̀nẹ̀ kò fà á lé Nàìjíríà lọ́wọ́. Yálà ẹnìkan fẹ́ràn Ìgbòho tàbí kò fẹ́ràn rẹ̀, ohun tó yẹ kí ó rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé ibi tí adájọ́ bá ti wà láàárín, ìfẹ́ ìjọba tó ń béèrè nìkan kò tó.

Báwo ni ìbéèrè náà ṣe ń rìn? Orílẹ̀-èdè tó ń béèrè á kọ ọ́ sínú ìwé, á fi ìwé àṣẹ ìfàṣẹmúni tàbí ìdájọ́ tó ti wáyé mọ́ ọn, á sọ ọjọ́ àti ibi tí wọ́n ti ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ náà, á kọ òfin tí onítọ̀hún rú síbẹ̀ ní kíkún, á sì ṣe àpèjúwe ẹni tó ń wá kí wọ́n má baà mú ẹni ẹlẹ́ni. Èyí tó kẹ́yìn yìí kì í ṣe ohun kékeré láàárín wa, níbi tí ọkùnrin mẹ́wàá ti lè máa jẹ́ orúkọ kan náà ní àdúgbò kan. Ní Bẹ̀nẹ̀, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ni ó ń yẹ̀ ẹ́ wò; bí wọ́n bá sọ pé rárá, ìjọba kò lè fa ẹni náà léni lọ́wọ́ mọ́, bí wọ́n bá sì sọ pé ó ṣe é ṣe, ìjọba ló kù tí yóò pinnu. Ní Nàìjíríà, ọ̀dọ̀ Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba àpapọ̀ ni ìbéèrè náà ń lọ, òun ló sì ń gbé e lọ síwájú Ilé Ẹjọ́ Gíga ti ìjọba àpapọ̀. Ẹjọ́ mìíràn tó wà nílé lè dí i lọ́wọ́: ní oṣù Ògún 2022, ilé ẹjọ́ náà ní Àbújá kọ ìbéèrè Amẹ́ríkà lórí Abba Kyari, ọ̀gá ọlọ́pàá tí gbogbo ènìyàn mọ̀, nítorí pé ó ti ń jẹ́jọ́ lọ́wọ́ ní Nàìjíríà.

Adájọ́ ìfàlélọ́wọ́ kì í sọ bóyá ẹni náà jẹ̀bi. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wò ó bóyá ìbéèrè náà bá òfin mu, kí ó sì fi ọ̀rọ̀ ẹ̀bi àti àre sílẹ̀ fún ilé ẹjọ́ tí yóò gbọ́ ẹjọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá sì ti fa ènìyàn léni lọ́wọ́ nítorí olè, olè yẹn nìkan ni wọ́n lè ṣẹjọ́ rẹ̀. Wọn kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ kí wọ́n tún kó ẹ̀sùn àtijọ́ mìíràn jáde láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Èdè jẹ́ ìṣòro tí àwọn tó kọ òfin kò fi bẹ́ẹ̀ ronú sí. Ìwé á ti Nàìjíríà wá ní Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n á túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé fún adájọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn sì lè jẹ́ àgbẹ̀ láti abúlé kan lẹ́yìn Kétu tí kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ó má ṣe fi ọwọ́ tẹ ìwé kankan tí wọn kò tíì kà sí i létí ní èdè tó yé e, pàápàá jù lọ ìwé tó sọ pé òun gbà kí wọ́n fa òun léni lọ́wọ́, nítorí pé ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ lè má rí àyè bá adájọ́ jiyàn mọ́.

Ìbéèrè àwọn ènìyàn lórí iye ọjọ́ tí wọ́n lè fi ti ènìyàn mọ́lé pọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, nínú abala 18, sọ pé wọn kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìjẹ́ pé wọ́n gbé e dé iwájú adájọ́ kan tí yóò pàṣẹ rẹ̀. Bí nǹkan àrà ọ̀tọ̀ tí òfin là sílẹ̀ bá sì fà á gùn, kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ. Ẹni tí orílẹ̀-èdè mìíràn ń wá kò sí lẹ́yìn òfin yìí. Lóòótọ́, àdéhùn gbà pé bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ kánjúkánjú, wọ́n lè kọ́kọ́ mú afurasí kí ìwé tó pé, ṣùgbọ́n ọjọ́ níye, bí ìwé kò bá sì dé, wọ́n gbọ́dọ̀ tú u sílẹ̀.

Ìkéde pupa Interpol náà ń dẹ́rù ba àwọn ènìyàn. Interpol kì í ṣe ọlọ́pàá tó ń mú ènìyàn kiri ayé. Àjọ tí ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè 196 fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ ni. Ìkéde náà ń sọ pé ìjọba báyìí ń wá ẹni báyìí, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni yóò sì pinnu ohun tí yóò ṣe sí i lábẹ́ òfin tirẹ̀.

Mo ní láti sọ ohun kan tí àwa ará Àjàṣẹ́ fi ojú ara wa rí, nítorí pé ìwé òfin nìkan kò sọ gbogbo òtítọ́. Ní oṣù Ògún 2003, ìjọba Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ pa mọ́ Bẹ̀nẹ̀. Ó ní àwọn fàyàwọ́ àti àwọn tó ń jí ọkọ̀ ní Nàìjíríà kó wá sí Bẹ̀nẹ̀ ló fà á, ó sì dárúkọ ọkùnrin kan, Hamani Tidjani, tí wọ́n fẹ̀sùn kàn pé òun ni olórí àwọn tó ń jí ọkọ̀ náà. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni ẹnubodè fi wà ní títì, ọjà dúró ní Ìgolò àti ní Sẹ̀mẹ̀, owó ọkọ̀ gbówó lórí, lẹ́yìn ìpàdé àwọn ààrẹ méjèèjì ní Àgbádárìgì ni wọ́n sì tó ṣí i. Wọ́n mú Tidjani ní Mali, ó sì ti ọwọ́ Bẹ̀nẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ Nàìjíríà. Mi ò sọ pé kò yẹ kí ó jẹ́jọ́. Àwọn tí wọ́n fi ìbọn gba ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìdájọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn ọdún 1984 àti ti 1994 nígbà náà, kò sì yẹ kí ìyá tó ń ta gaàrí ní Ìgolò san owó ìtanràn nítorí pé ìjọba méjì kò lo ìwé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn sí. Níbi tí ìlànà bá ti ń falẹ̀ jù, agbára ni yóò gba ipò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ẹni tó bá fẹ́ kí àwọn ilé ẹjọ́ máa dá sí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́dọ̀ fẹ́ kí wọ́n yá lọ́wọ́ pẹ̀lú.

Bí wọ́n bá wá mú èèyàn yín níhìn-ín, tí wọ́n ní Nàìjíríà ń wá a, ẹ béèrè ìwé tí wọ́n fi mú un àti orúkọ adájọ́ tó wà lórí ẹjọ́ náà, kí ẹ sì wá agbẹjọ́rò lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ó ní ẹ̀tọ́ láti ní kí wọ́n jẹ́ kí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Kútọnu mọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ Bẹ̀nẹ̀, ẹ tètè wá ìwé ìbí rẹ̀ àti káàdì rẹ̀ jáde, nítorí òun ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ fún un níwájú adájọ́.

Bí ó bá sì jẹ́ ẹ̀yin ni wọ́n jà lólè, ibi tí olè náà ti ṣẹlẹ̀ ni kí ẹ ti fi ẹjọ́ sùn, kì í ṣe ibi tí ẹ rò pé olè náà sá lọ. Ẹni tí wọ́n jí alùpùpù rẹ̀ ní Kétu, Kétu ni kí ó ti lọ sọ fún ọlọ́pàá, pẹ̀lú ìwé alùpùpù, nọ́ńbà rẹ̀, àti orúkọ ẹni tó bá rí i. Kí ó gba ẹ̀dà ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀, nítorí pé láti orí ìwé náà ni agbẹjọ́rò ìjọba àti adájọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ tó ní ohunkóhun lọ́wọ́ láti fi béèrè olè náà lọ́wọ́ Nàìjíríà.